Bí ẹ ṣe lè fi alternator tó lágbára sínú jíìpù yín nílé

Jíìpù tí wọ́n ń gbé wọ inú igbó àti ẹrẹ̀ kì í pẹ́ di ẹlẹ́rù. Ẹni tó ni ín yóò so iná ńláńlá mọ́ iwájú rẹ̀, yóò gbé fíríìjì kékeré sẹ́yìn, yóò sì tún de winch, ẹ̀rọ tí ń fi okùn irin fa ọkọ̀ tó bá rì, mọ́ bọ́ńpà. Alternator kan ṣoṣo ni yóò máa bọ́ gbogbo wọn. Bí kò bá ká a, iná iwájú yóò máa ṣe bàìbàì nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní síló, bátìrì yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀, tó bá sì di òwúrọ̀, kíìkì kò ní í dáhùn. Nínú igbó, ta ni yóò wá fi bátìrì tirẹ̀ ran onítọ̀hún lọ́wọ́?

Jeep Cherokee onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní XJ la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá àwọn ti ọdún 1991 sí 2001 tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ lítà 4.0. Alternator ámpìà 90 tàbí 117 ló máa ń wà lára púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí fẹ́ràn láti fi rọ́pò rẹ̀ ni ti ámpìà 136, tó bá Grand Cherokee onísílíńdà mẹ́jọ ti ọdún 1993 sí 1998 wá. Chrysler ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló sì ń pàṣẹ iye fóòtì tí alternator yóò gbé jáde nínú méjèèjì.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ṣírò ohun tí ẹ fẹ́ fi iná ṣe. Gílóòbù wáàtì 55 mẹ́rin kò ju bí ámpìà 18 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ fi iná LED pààrọ̀ wọn, kí ẹ fi alternator sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣòwò fi nọ́ńbà ńlá tàn yín. Ámpìà 136 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìgbà tí ó bá ń yí kíkankíkan nìkan ló ń pé bẹ́ẹ̀. Ní síló, ó kéré sí i gan-an.

Níbi iṣẹ́, orí bátìrì dúdú ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Wáyà tó nípọn lẹ́yìn alternator kì í kú, kódà bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú ọkọ̀. Sípánà tó bá fara kan irin níbẹ̀ yóò ṣáná. Ẹ ya bí bẹ́líìtì ṣe rìn sórí ìwé, kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́. Ẹ sàmì sí àwọn wáyà tín-ín-rín méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì. Ẹ gbé ti àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ihò nọ́ọ̀tì àti ojú ìlà púlì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí púlì bá yàtọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ sórí tuntun. Nígbà mìíràn, ó lè gba kí a ha irin tó ń gbé e dúró díẹ̀.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Wáyà àtijọ́ àti fíúùsì rẹ̀, ti alternator àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi 136 sórí rẹ̀ fi owó ṣòfò, ó sì lè fi ọkọ̀ jóná. Ẹ fa wáyà bàbà 25mm² tuntun lọ sí bátìrì, kí ẹ fi fíúùsì ámpìà 175 sí i nítòsí bátìrì. Ẹ má gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì láti ara ẹ́ńjìnnì sí bátìrì, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ náà ni iná ń gbà padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan gbogbo iná, kí ẹ fi mítà wọn orí bátìrì. Ó yẹ kó wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5. Ẹ má gbà kí rewáyà kankan yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó ní òun ń dán alternator wò: fóòtì lè ru sókè lójijì, kó ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ní ti winch, ó lè gba ju ámpìà 400 lọ bí ẹrù bá wúwo. Bátìrì ló ń gbé ìyẹn, alternator kàn ń dá a padà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fa ọkọ̀, kí ẹ máa sinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún bẹ́líìtì tuntun fà, torí ó máa ń dẹ̀.