Galvanize: Ọ̀rọ̀ tó ti ara itan àkèré wá

Orúkọ ènìyàn ló di ọ̀rọ̀-ìṣe yìí: Luigi Galvani, oníṣègùn tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Bologna, ní Ítálì. Ó ṣàkíyèsí pé bí bàbà àti irin bá jọ kan ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú, ẹsẹ̀ náà á ta bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1791. Láti ara títa òjijì yẹn, tí iná mànàmáná fà, ni galvanize ti wá túmọ̀ sí kí nǹkan ta ènìyàn jí lójijì láti gbé ìgbésẹ̀.

Ẹni tó ń rọni, tó ń bẹni díẹ̀díẹ̀, kò tíì galvanize ẹnikẹ́ni. Ìtagìrì òjijì ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Bí iléèwé bá fowó kún owó ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í yọjú sípàdé tú síta láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àfikún yẹn ló galvanize wọn. “Gún ní kẹ́ṣẹ́” súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n a lè gún ẹni tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ní kẹ́ṣẹ́.

Páànù orí ilé náà ń jẹ́ galvanized: irin tí wọ́n rì bọnú síńkì yíyọ́ kó má baà dípẹtà. Wọn kì í lo iná mànàmáná láti rì í bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ Galvani ló wà lára rẹ̀.