Ìwà Ìnájà: Orúkọ fún Ẹni Tí A Fọkàn Dá

Àwọn tó ń ṣètò ilé-ìtajà nílẹ̀ òkèèrè a máa fi ọkàn dá èèyàn kan. Wọ́n á fún un lórúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ìwọ̀n owó tó wà lápò rẹ̀, wọ́n á wá wò ó bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rajà. Alan Cooper ló sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní òpin àwọn ọdún 1990. Tó bá wá jẹ́ òṣèré ló máa gbé ẹni náà wọ̀ ńkọ́? Kí la ó pè é?

Apá ti eré kò le. Ọmọ ilé-ìwé mọ ẹ̀dá-ìtàn, ó sì mọ ìfìwàwẹ̀dá. Òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ló ṣe ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ìwé tí Amos Tutuola kọ nípa ọ̀mùtí náà di eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ọjà ló ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù. Àlejò tó wá wòran fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Àwọn kan á ní oníbàárà ni. Mi ò gbà. Oníbàárà ni ẹni tó ti ní ìsọ̀ tó máa ń yà sí, tí ìyá ọlọ́jà lè tà fún láwìn, tó ń gba èènì láìbẹ̀bẹ̀. Àní àtẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà ló ń pe ara wọn ní kọ́sítọ́mà. Àlejò kò tíì débẹ̀, òǹrajà ni.

Òṣèrébìnrin wá gbé ìwà tíṣà kan wọ̀, tó kó ọmọ ilé-ìwé wá láti Àrámọkọ, tí owó ọkọ̀ àbọ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. "Ìyá, èló ni jálẹ̀?" Wọ́n dá iye kan. Ó gbé e sílẹ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Ẹ padà wá! Ẹ mówó wá!"

Ìrìn yẹn ni olùwádìí ń wá. Àlọ-àpèpadà ni mo pè é. Ẹni tó bá lọ tí kò wẹ̀yìn, anájàmárà ni. "Ìhùwàsí òǹrajà" pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà wo ló máa sọ ọ́? Ìwà ìnájà ló bọ́ sẹ́nu, tíṣà wa yẹn sì ni ẹ̀dá-ìnájà.

Ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Bí wọn ò bá sọ fún un pé eré ni, òǹrajà-abòjú ni wọ́n rán sí i, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀dá-ìnájà ní tirẹ̀, ìyá mọ̀ pé eré ni, ó sì ń bá a ná ọjà tọkàntọkàn. Ẹ san owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì san ti àkókò rẹ̀.