Ta Lẹ Ń Wá Nínú Ilé Yìí?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá wa mú tọ́ọ̀ṣì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkòtún, wọ́n bá èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ráútà. Wọ́n ní kí là ń ṣe. Ọmọ náà dáhùn pé, "Màmá àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa wá ṣeré nínú kọ̀ǹpútà mi láti Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá. Mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ni." Ìyá wa yíjú wo ilẹ̀kùn ìta, wọ́n tún yíjú wo ọmọ. "Lálẹ́ yìí? Nínú ilé yìí? Àwọn mélòó ni?"

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Sáfà, pọ́ọ̀tì, pọ́ọ̀tì fọ́wọ́dìn, páblíìkì àípì. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì yé e yékéyéké, àmọ́ nígbà tó fi máa dákẹ́, "ni" àti "kí" àti "sì" nìkan ló jẹ́ Yorùbá nínú rẹ̀. Ìyá wa kọjú sí mi: "Ìwọ tó o fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ṣe, kí ni ọmọ yìí ń wí?"

N kò rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá a.

Minecraft ni eré tí ọmọ náà fẹ́ràn. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń kọ́ ilé nínú rẹ̀, wọ́n ń walẹ̀ wá irin àti wúrà, wọ́n sì ń sá fún ẹbọra bí ilẹ̀ bá ṣú. Mojang, ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ló gbé e jáde lódindi ní ọdún 2011, kí Microsoft tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 2014. Àwọn tó ṣe é fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba ètò kan lọ́fẹ̀ẹ́, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà inú ilé di ibi ìpàdé. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá ti wà ní títàn, tí ọ̀nà sì là dé ibẹ̀, ọmọ Ìgàndó á wọlé, ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá á wọlé, wọ́n á jọ máa kọ́ ìlú kan náà. Ó wá ku bí a ó ṣe sọ ọ́ yé ẹni tó ń san owó iná.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la máa ń túmọ̀, a kì í wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó rí i pé èbúté ni pọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá wá sọ fún ìyá mi pé a fẹ́ ṣí èbúté sínú pálọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa béèrè. Fáyáwọ̀ọ̀lù ńkọ́? Bí a bá pè é ní ògiri iná, ògiri tó ń jó ni Yorùbá gbọ́, tàbí èyí tí iná mànàmáná máa gbé ènìyàn lára rẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní èdè tiwọn, ògiri tí wọ́n mọ sáàárín ilé méjì kí iná ọ̀kan má baà ran èkejì ni wọ́n ní lọ́kàn. Sáfà ló wá burú jù. Wọ́n á ní ìránṣẹ́ ni. Ta ló rán an, níbo ló sì lọ? Ẹ̀rọ tó jókòó sójú kan, táwọn ẹlòmíràn ń wá bá nílé, kò jọ ìránṣẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé sílẹ̀, ká wo ilé olójú-kojú. Kò sí ẹni tó dàgbà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tiwa ní Èkó tí kò mọ̀ ọ́n: nọ́ńbà kan ṣoṣo lára ògiri ìta, yàrá mẹ́wàá nínú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là wọ́n láàárín. Àlejò dé, ó ní ẹ kú ilé. Ẹni tó ń ṣan àwo lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè: "Ta lẹ ń wá?" "Ìyá Sikírá ni." "Ojúlé kẹta lápá òsì yín." Àlejò tí kò bá mọ ẹni tó ń wá, ìta ló máa dúró sí. Àmọ́ bí Ìyá Sikírá bá rán ọmọ lọ ra ata, kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ yẹn léèrè nígbà tó bá padà dé, torí ojú wọn ló ṣe jáde.

Iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe gan-an nìyẹn. Gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé ló ń lo nọ́ńbà ìta kan náà. Ohun tí a bá fúnra wa rán jáde, ráútà rántí, ó ń mú èsì rẹ̀ padà wá fún ẹni tó rán an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo fídíò láìṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Àlejò tí a kò ránṣẹ́ sí ni kò mọ̀. Fún irú wọn, a ní láti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tó bá béèrè ojúlé 25565, ẹ mú un lọ bá kọ̀ǹpútà ọmọ yìí. Ojúlé ni pọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ kan lè ní tó 65,535 irú rẹ̀, 25565 sì ni Minecraft máa ń jókòó sí bí a kò bá yí i padà. Pọ́ọ̀tì fọ́wọ́dìn tí ọmọ ń pariwo rẹ̀ kò ju ká fọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ. Gbogbo ìyá tó ti lọ sọ́jà rí tó sì ń retí àlejò ló ti ṣe é.

(Ẹni tó bá fẹ́ ka nọ́ńbà yẹn bí àwọn baba wa ṣe ń kà á, ẹgbàá méjìlá ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbèjọ ó lé àrùndínláàádọ́rin ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ nọ́ńbà ojúlé kì í ṣe owó tí a ń kà; ká pè é níkọ̀ọ̀kan, méjì, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà, márùn-ún, kò lábùkù.)

Ẹni tó ń yẹ àlejò wò, tó ń sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé, oníbodè ni. Oníbodè wà lẹ́nu odi ìlú wa láyé àtijọ́, ó ń gba owó, ó ń wo ẹrù. Iṣẹ́ tí fáyáwọ̀ọ̀lù ń ṣe kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá wa, torí ohun tó kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù ni pé gbogbo ayé máa ya wọlé. Mo ní ojúlé kan ṣoṣo la ṣí, oníbodè ti ti gbogbo ìyókù, orúkọ àwọn ọmọ tó lè wọlé sì wà lọ́wọ́ wa.

Àdírẹ́sì inú ilé àti ti ìta ló fún mi níṣẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni inú mi sì ti dùn jù. Ní ilé wa, 192.168.1.1 ni ráútà ń jẹ́. Ní ilé tó kàn wá, bẹ́ẹ̀ náà ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé láti Ìdímù dé Ìpájà. Báwo ni orúkọ kan ṣe lè wà níbi gbogbo tí kò dàrú? Ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó máa ń sọ wọ́n ní Ìbàdíàrán, Ẹyínfúnjowó, Adúmáradán, Akọ̀wé. Agboolé wo ni kò ní Akọ̀wé? Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣi Akọ̀wé wọn mú, torí orúkọ yẹn kì í jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ rí Akọ̀wé láti ìlú mìíràn, orúkọ àbísọ rẹ̀ ló máa bi. Orúkọ agboolé ni mo wá ń pe àdírẹ́sì inú ilé, mo ń pe ti ìta, páblíìkì àípì tí ọmọ ń wí, ní orúkọ ìgboro. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti fẹnu kò sórí àwọn nọ́ńbà tí kò gbọdọ̀ kọjá agboolé wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n rí i pé ti ìgboro kò ní í tó. Iye rẹ̀ lápapọ̀ kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ. Oṣù kejì ọdún 2011 ni èyí tó kù ní àká àgbáyé tán. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní nínú ìkànìyàn tiwọn pé wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àwa tí à ń gbé ibi tí èrò ti pọ̀ ju nọ́ńbà ilé lọ ló yẹ kó tètè yé.

N kò sọ pé ká yí gbogbo nǹkan padà. Ráútà ni wọ́n ń tà lọ́jà Ìkòtún, ráútà ni kó máa jẹ́. Àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá mọ èyí. Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá jọ jókòó ni. Títí dòní, ọ̀rọ̀-ìṣe àti fáwẹ̀lì ń gbé pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ gírámà wa, wọn kò jà. Èrò tèmi ni pé ohun tí a ń fowó rà lọ́jà, kó máa jẹ́ orúkọ tí ọjà fún un. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló yẹ ká wá Yorùbá fún, torí ibẹ̀ ni òye wà. Ẹ wo asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí àpótí Rediffusion dé Èkó ní 1935, àwọn tó gbọ́ ọ kò túmọ̀ orúkọ tó bá wá. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, bí ènìyàn sì dá a lóhùn kò gbà. Ayélujára náà dúró, torí ó sọ ohun tó ṣe fún ayé. Ayárabíàṣá, orúkọ tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà, dùn létí ní tirẹ̀, àmọ́ orí rédíò ló ń gbé. Kò sí ẹni tó ní àṣá òun bàjẹ́, òun ń gbé e lọ fún àtúnṣe.

Àwọn ọmọ yìí ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà fún wa láìmọ̀. Ẹ tẹ́tí sí wọn bí wọ́n bá ń ṣeré: mo ti wọlé, ó lé mi jáde, ó há, ó ti já, ó ń fà. Yorùbá pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó ìgbìmọ̀ lé e lórí.

"Ó ń fà" yẹn ló gbé mi dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní píìngì: ìgbà tí iṣẹ́ tí a rán máa lò títí tí èsì rẹ̀ á fi dé. Àlọ-àbọ̀ ni mo pè é. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ wo ìṣẹ́jú ènìyàn, tó rí i pé ó pẹ́ jù, tó wá lọ wo ti àáyá lórí igi, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá ló ṣe yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún ń rántí ọ̀bọ bó bá ń wo aago. Wáyà MainOne, tó wọ Èkó láti Pọtogí lábẹ́ òkun ní 2010, gùn tó 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú dígí rẹ̀ ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí sáfà bá wà ní Yúróòpù, ọ̀nà òkun nìkan á jẹ 70 nínú ẹgbẹ̀rún yẹn ní àlọ-àbọ̀, kí a tó ka ohun mìíràn mọ́ ọn. Àárín Ìkòtún sí Ẹ̀gbẹ́dá ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ibùdó kan ní Èkó láti 2006, IXPN, tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ kó má baà ré òkun kọjá kó tó dé ilé kejì. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi fẹ́ kí ibi ìpàdé wà nílé wa.

A fọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ṣiṣẹ́. Alẹ́ méjì la fi wádìí rẹ̀. Ní alẹ́ kejì ni ọmọ fi orúkọ ìgboro tí ráútà wa ń jẹ́ hàn mí: 100 ló fi bẹ̀rẹ̀, 72 tẹ̀ lé e. Láti 100.64 dé 100.127, àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012 fún ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan ni. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ ìgboro, agboolé mìíràn tó tóbi ju tiwa lọ ni. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa kò sọ ọ́ fún wa títí a fi béèrè. Nígbà tí mo ń wá bí màá ṣe sọ èyí fún ìyá wa, aago mọ́kànlá lù, mo gbọ́ tí ọlọ́dẹ ń fa ṣéènì mọ́ géètì àdúgbò. Mo ní, "Ẹ̀ ń gbọ́ ṣéènì yẹn? A ti ṣí géètì tiwa, géètì àdúgbò ló wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí a lọ bá ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. A lè yá ẹ̀rọ kékeré kan síta, kí kọ̀ǹpútà wa fúnra rẹ̀ jáde lọ bá a, kó sì di okùn mú sí ibẹ̀, kí àwọn àlejò máa tọ okùn náà wọlé. Ẹni tó ń jáde, géètì yìí kì í dá a dúró. Tọ́nẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Okùn tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, "ó ti já" náà ni wọ́n máa sọ. Àmọ́ bí ẹ̀rọ tí a yá bá wà lókè òkun, àlọ-àbọ̀ tí a sá fún ti padà dé. Ọ̀nà kejì ni ká san owó lóṣooṣù fún orúkọ ìgboro tiwa. Òun la yàn.

Sáfà ló ṣẹ́kù. Mo kọ́kọ́ pè é ní agbàlejò, kò sì burú: àwọn tó ń wọlé ni àlejò, ẹni tó gbà wọ́n ni agbàlejò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní agbàlejò máa ń bá àlejò jẹun, kọ̀ǹpútà òun kò ṣeré, ó kàn ń tọ́jú ibi tí oníkálùkù bá eré dé ni. Mo ronú sí i, mo rántí ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀ta wá, ó ta, ó lọ. Ọ̀pẹ wá, ó ta, ó lọ. Iye ọmọ tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọpọ́n ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ fún un. A wá pín in: agbàlejò ni ẹ̀rọ náà, ọpọ́n ni ètò eré tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ wọlé, mo ti tẹ́ ọpọ́n."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, iná lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀, a bọ́ sórí ínfátà. Ìyá wa kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ. "Àwọn àlejò ojúlé rẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Àwọn méjì ló kù, Màmá àgbà."

"Sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Mo fẹ́ pa ínfátà."