Òwò Gbànja ní Sábó Ṣágámù: Ẹrù tó wà nílẹ̀, Ẹni tó ń rà á àti Ẹni tó mọ àṣírí

Sábó, tí í ṣe ìkékúrú Sabon Gari, ni orúkọ tí a mọ̀ mọ́ àdúgbò àwọn Hausa ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ní Ṣágámù, ìlú tí àwọn ará Rẹ́mọ kóra jọ tẹ̀dó ní 1872 lábẹ́ Akárìgbò, obì gbànja ló mú kí àdúgbò yìí di ojúkò òwò, nítorí ibẹ̀ ni obì láti inú oko Rẹ́mọ ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e lọ sí Òkè Ọya.

Gbànja, olójú méjì, yàtọ̀ sí abàtà tí ojú rẹ̀ máa ń ju méjì lọ, tí Yorùbá sì fi ń bọ òrìṣà. Gbànja ni àwọn Hausa fẹ́ràn jù, láti igbó Aṣáńtì ni wọ́n sì ti ń gbé e gba ọjà Sàlágà kọjá kí ó tó di pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Agége àti àwọn mìíràn ti ń gbìn ín, nígbà tí ojú irin Èkó sì so mọ́ ti Kánò ní nǹkan bí 1912, ọ̀nà ọjà là gbọọrọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí olówò gbọ́dọ̀ mọ̀ ni iye ẹrù tó wà nílẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni obì ń pọ̀, tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀; wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sì fi ewé tútù dì í sínú agbọ̀n, kí ó lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ máa ń pa á mọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n, ṣùgbọ́n bí agbọ̀n bá pọ̀ jù nínú yàrá, ó lè jẹ́ pé olówò ń retí owó gọbọi, ó sì lè jẹ́ pé kò rí ẹni rà á, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àti gbígbẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìkejì ni ohun tí Kánò ń béèrè, nítorí ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ààwẹ̀ ló ń gbé ọjà ròkè lọ́hùn-ún. Ìkẹta ni ìṣe ẹni tó mọ àṣírí: ọwọ́ maigida, ìyẹn onílé tí àlejò olówò ń wọ̀ sí lọ́dọ̀, tó ń bá a tọ́jú ẹrù tó sì ń gba owó alágbàtà, ni ìròyìn méjèèjì ti ń pàdé. Abner Cohen, tó ṣe ìwádìí ní Sábó Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, fi hàn pé ìròyìn àti àwìn ni òpó irú òwò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí maigida bá ń yára ta obì tirẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń wò ó fura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè tàbí ìnáwó nìkan ló lè máa lé e. Orúkọ rere ló ń kó o níjàánu, nítorí ẹni tí a kò gbà gbọ́ kò ní rí àwìn gbà. Nígbà tí ìjà Yorùbá àti Hausa ṣẹlẹ̀ ní Ṣágámù ní oṣù keje 1999, tí ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò, orísun ọjà àti ibi tó ń lọ ni ó kàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mẹ́ta yìí náà ló wà níwájú ẹni tó ń ra ìpín ìdókòwò, ìyẹn ẹ̀tọ́ sí apá kan ilé-iṣẹ́, ní ọjà ìpín tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1960. Omatek, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà títò ní Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n ń ta ìpín wọn níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í jẹrà bí obì, ṣùgbọ́n bí irú tuntun bá dé, owó èyí tó wà nílẹ̀ á já. Ẹni tó bá rí i nínú ìwé ìṣirò ọdún pé ẹrù tí kò tíì tà ń pọ̀ ju bí ọjà ti ń tà lọ gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Òfin ìdókòwò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi àṣírí tí aráyé kò tíì mọ̀ ta ìpín rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ó má tà rárá. Níwọ̀n bí ìwé ìṣirò ti ń jáde lẹ́yìn tí ọdún ti kọjá, àmì kan ṣoṣo kò tó gbẹ́kẹ̀ lé: ẹrù, oníbàárà àti ìṣe àwọn ọ̀gá ni ó yẹ kí a wò pọ̀.