Ìtàn Ìtọ́jú Àpò Omi Inú Páńkíríà

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríà fara pamọ́ sí. Òun ni ó ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ. Òun náà ni ó ń ṣe ínsúlínì tí ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí òkúta inú àpò òróòro tàbí ọtí àmujù bá mú kí ó wú, omi rẹ̀ lè jò síta. Ara a sì mọ odi yí omi náà ká, odi tí kì í sábà gbó kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Àpò ayédèrú ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí kò ní awọ tirẹ̀ nínú bí àpò gidi.

Lára òkú ni Morgagni, ará Ítálì, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1761. Alààyè ńkọ́? Ó di 1883 kí Gussenbauer tó la ikùn aláìsàn, tí ó rán ẹnu àpò náà mọ́ awọ ikùn kí omi lè máa ṣàn síta. Omi ṣàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ojú ihò bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná. Ọgbọ́n Jurasz ní 1931 ló dára jù: ó gba inú àpòlúkù lu ọ̀nà sí àpò omi náà, kí omi oúnjẹ lè padà sí ọ̀nà oúnjẹ. Ọgbọ́n yìí kò tíì di ohun àtijọ́. Lónìí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ olójú tí a ń gbà láti ẹnu lè ṣe é láìla ikùn rárá.

Ní ilẹ̀ wa, mímọ àìsàn náà gan-an ni ìṣòro. Ní 1969, E. O. Olúrìn àti O. Olúrìn, láti Ìbàdàn, kọ nípa aláìsàn 45 tí òkúta wà nínú páńkíríà wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni. Àmọ́ ẹ́síréè tí ń fi òkúta hàn kì í fi omi hàn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo inú ara dé, tí ẹ̀rọ CT sì tẹ̀lé e, ni ojú tó rí omi.

Olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Abùjá ní 1991. Ní 1999 ni a ṣí Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ níbẹ̀, fún obìnrin àti ọmọdé nìkan. Ọdún 2000 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà, tí ó sì di ti tọkùnrin tobìnrin. Àkókò yẹn, ìmọ̀ ìtọ́jú náà ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí àpò bá ti tóbi, ọ̀bẹ ló kàn. Nísinsìnyí, èyí tí kò dun ènìyàn, tí kò kẹ̀, tí kò sì dí ọ̀nà oúnjẹ, a lè máa ṣọ́ ọ. Púpọ̀ nínú wọn a máa gbẹ fúnra wọn.

Ewu tó kù ni ti jẹjẹrẹ tó fara jọ àpò omi nínú àwòrán, tí kò sì yẹ kí a fa omi rẹ̀ kí a wá fi í sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò sì gba ẹ̀rọ kankan: “Ǹjẹ́ inú ti run yín gan-an rí, tí ó ta dé ẹ̀yìn, tí ẹ sì ń bì?”