Oko Tí Ọmọ Kò Tíì Dé

Àwọn àgbà ní, "Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti baba òun." Onígbéraga la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: wọn kò ní "bí kò bá gbọ́", "bí kò bá dé" ni wọ́n wí. Ọmọ náà lè ti gbọ́ ìròyìn oko ọ̀hún títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò débẹ̀, kò sì rí ohun tí yóò fi wọn ti baba rẹ̀.

Bí ìwé kíkà ṣe rí nìyẹn. Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, èdè Faransé lọmọ fi ń kàwé. Ó lè pe "okoumé", orúkọ igi kan, jáde láìṣì í pè, kó má sì mọ̀ ju gẹdú tí wọ́n ń kó lọ sí èbúté Owendo. Ìró ló kà, kò tíì ka igi. Ẹ mú un dé igbó Raponda Walker lọ́nà Cap Estérias, kó gbójú sókè wo igi tó lè ga tó mítà 40, tí ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ ń pọ́n, kó gbóòórùn oje tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ògùṣọ̀ láyé àtijọ́.

Ẹni tí igbó náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, André Raponda-Walker, ni ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1899. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba orúkọ ewé àti igi lẹ́nu àwọn ará ìgbèríko kí òun àti Roger Sillans tó tẹ ìwé ńlá lórí ewéko Gabon jáde ní 1961. Ó ti kó àlọ́ wọn jọ sínú ìwé ṣáájú, ní 1953. Etí àti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ka igbó.

Mi ò ní kí olùkọ́ ti kíláàsì pa o. Igbó kì í kọ́ ọmọ ní ábídí. Ẹni tí kò bá mọ lẹ́tà yóò wo igi títí ni, kò ní lè ka orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ tó mọ gbogbo lẹ́tà, tí ojú ìwé sì ṣófo lójú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville. Bó bá ti igbó dé lálẹ́, ìyá á bi í pé kí ni wọ́n ń pe okoumé nílé. Igi yìí kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ròyìn rẹ̀, títí ìyá tí kò débẹ̀ rí yóò fi rí i.