Fífi Kún Mẹ́mọ́rì Kọ̀ǹpútà Ilé

Mẹ́mọ́rì tí à ń pè ní RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: ètò tí a ṣí, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń kà, lẹ́tà tí a kò tíì tẹ̀ tán. Ó yàtọ̀ sí háàdì dísìkì tàbí SSD, níbi tí fáìlì máa ń wà títí a óò fi pa á rẹ́. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà nínú RAM ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS fi máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ kí ó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Fífi kún RAM wà lára àtúnṣe díẹ̀ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé. Kíkì í bọ inú ẹ̀rọ kò le rárá. Rírà á ló gba òye, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń sọ owó nù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra RAM nítorí pé kọ̀ǹpútà wọn ń falẹ̀, láìwádìí ohun tó fà á. Nígbà tí RAM bá kún, kọ̀ǹpútà kì í dúró. Ṣe ló máa ń kó lára ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí dísìkì, tí yóò sì tún lọ kó o wá nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Bí ọlọ́jà tí àtẹ rẹ̀ kéré ṣe ń ṣe nìyẹn: ohun tí oníbàárà béèrè kò sí níwájú, àfi kí ó wọ inú ìsọ̀ lọ mú un, kí ó sì kó òmíràn kúrò lórí àtẹ kí àyè tó gbà á. Bí dísìkì náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń yí, a óò máa gbọ́ bó ṣe ń kùn, iná kékeré ara kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣẹ́jú láìsinmi. Láti inú ètò kan bọ́ sínú òmíràn yóò wá di ohun tí èèyàn ń dúró dè.

Lórí Windows, àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Kí a ṣí gbogbo ètò tí a sábà máa ń lò pọ̀, kí a tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, kí a yan Performance, lẹ́yìn náà Memory. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ lásán ló gbé e dé ìdá 85 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, RAM ló kéré lóòótọ́. Bí kò bá ju ìdajì lọ, tí kọ̀ǹpútà sì ń falẹ̀ síbẹ̀, kí a má wulẹ̀ ra RAM. Háàdì dísìkì tó ń yí ló sábà máa ń fa irú èyí, owó tí a bá fi ra SSD yóò sì ṣe wá lóore ju owó RAM lọ. Ojú ibi kan náà ni a ti máa rí iye slọ́ọ̀tì (ihò tí à ń ki RAM bọ̀) tó wà àti iye tí a ti lò, fún àpẹẹrẹ 1 nínú 2. Bí a bá rí "Row of chips" níwájú "Form factor", mẹ́mọ́rì náà ti lẹ̀ mọ́ motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) nìyẹn, kò sì ṣeé yọ.

Robert Dennard, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí irú RAM tí à ń lò lónìí ní ọdún 1968. Tiransísítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan péré ló fi ń pa bíìtì kan mọ́. Kapásítọ̀ yìí máa ń jò, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa tún iná fi sínú gbogbo wọn láàárín ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ léraléra títí a óò fi pa kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1970, Intel gbé èyí tó ń jẹ́ 1103 jáde fún títà. Bíìtì 1,024 ló ń gbà. Ohun tí ẹyọ RAM 8GB kan ń gbà lónìí tó ti 1103 tó lé ní mílíọ̀nù 67.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ rà ni ìran tí RAM náà jẹ́. JEDEC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ṣe mẹ́mọ́rì, gbé DDR3 kalẹ̀ ní 2007, DDR4 ní 2012, DDR5 ní 2020. Ìran kan kò lè ṣiṣẹ́ nínú slọ́ọ̀tì ìran mìíràn. Iná tí wọ́n ń lò yàtọ̀: fọ́ọ̀tì 1.5 ni ti DDR3, 1.2 ni ti DDR4, 1.1 ni ti DDR5. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gé etí rẹ̀ wọnú níbi tó yàtọ̀ síra kí ẹnikẹ́ni má bàa ki ọ̀kan bọ ihò èkejì. DDR4 àti DDR5 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ ní eyín aláwọ̀ wúrà 288, síbẹ̀ ibi tí wọ́n gé kò ṣe déédéé. Bí RAM bá kọ̀ tí kò wọlé, kí a má ṣe fi agbára tì í. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kì í ṣe ìran tirẹ̀. Ti láptọ́ọ̀pù kúrú ju ti orí tábìlì lọ. SO-DIMM ni orúkọ rẹ̀, DIMM ni ti orí tábìlì.

Gbogbo èyí ló wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ RAM. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan: 8GB 2Rx8 PC3L-12800S. 8GB ni iye tó ń gbà. PC3 túmọ̀ sí DDR3. 12800 ni iye mẹ́gábáìtì tó lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 8 pín in, a óò rí 1600, èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní ìyára rẹ̀. S ìparí ni pé ti láptọ́ọ̀pù ni. Bí ó bá jẹ́ U, ti orí tábìlì ni. Lẹ́tà L tó wà láàárín ni ojú máa ń fò jù. Ó ń sọ pé RAM náà lè lo fọ́ọ̀tì 1.35 dípò 1.5. HP EliteBook 840 G1, tó ń lo processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel ìran kẹrin, kì í gba DDR3 tí kò ní L, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n gé lára àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Yóò wọlé dáadáa, kọ̀ǹpútà kò sì ní tàn. Bákan náà ni bí ó bá jẹ́ R ló wà ní ìparí dípò S tàbí U: ti server ni, owó rẹ̀ sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé kò lè lò ó.

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kún ìsọ̀ ní Computer Village ní Ìkejà. EliteBook, Latitude àti ThinkPad tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò tán wà lára wọn, ìdí pàtàkì kan sì wà tí irú wọn fi dára fún ẹni tó fẹ́ máa tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe: púpọ̀ nínú wọn ló ṣeé ṣí. EliteBook 840 G3 àti ThinkPad T480 ní slọ́ọ̀tì méjì fún DDR4, láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sì lè gbà tó 32GB lápapọ̀. ThinkPad X1 Carbon kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ti lẹ̀ pa. Ti MacBook Air náà rí bẹ́ẹ̀, iye tí a bá rà á mọ́ ni a óò lò títí. Nítorí náà, kí a tó sanwó láptọ́ọ̀pù ló yẹ ká béèrè bóyá RAM rẹ̀ ṣeé fi kún.

Èló ló tó? Windows 11 ní ó kéré tán 4GB, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 4GB ṣiṣẹ́ lónìí ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. 8GB tó fún lẹ́tà títẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpàdé orí Zoom. 16GB ni èmi yóò gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó fojú sí, pàápàá bí ó bá ń ṣe àwòrán tàbí tí ó máa ń ṣí ojú ewé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ di ti àwọn tó ń gé fídíò. Ẹyọ méjì tó dọ́gba sàn ju ẹyọ ńlá kan lọ, nítorí kọ̀ǹpútà lè bá méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyára wọn kò bá dọ́gba, èyí tó lọ́ra ni èkejì yóò bá rìn.

Ohun méjì wà tí RAM kò lè tún ṣe. Windows oníbíìtì 32 kò lè lò ju 4GB lọ, bó ti wù kí a kì bọ̀ ọ́ tó. Àfi kí a kọ́kọ́ fi oníbíìtì 64 sí i. Èkejì ni pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè, nínú àwọn tó ń lo Intel, processor ìran kẹjọ sókè. T480 tó bá ní ìran kẹjọ yege, 840 G3 kò yege.

Nígbà tí a bá fẹ́ fi RAM sí i, kí a pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kí a má kàn pa ojú rẹ̀ dé. Kí a yọ wáyà iná, kí a yọ bátìrì. Bí bátìrì bá wà nínú, kí a ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kí a fa wáyà bátìrì náà kúrò kí a tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè tán. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí súwẹ́tà bá ń ta pá-pá bí a ṣe ń bọ́ ọ, iná irú bẹ́ẹ̀ lára èèyàn lè ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n lára. Kí a fọwọ́ kan irin kan kí a tó gbé RAM, etí rẹ̀ nìkan sì ni kí a dì mú.

Nínú láptọ́ọ̀pù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń di RAM mú lọ́tùn-ún lósì. Bí a bá fi ọmọ ìka fà wọ́n sẹ́yìn, RAM yóò ta sókè fúnra rẹ̀, a óò sì fà á yọ. A ó ki tuntun wọlé ní dídàgẹ̀rẹ̀ títí eyín wúrà rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, a ó wá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí irin méjèèjì yóò fi dún kọ́. Ti orí tábìlì kò dàgẹ̀rẹ̀. Òòró ni à ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì máa ń gba agbára ju bí olùbẹ̀rẹ̀ ṣe rò lọ. Níbi tí slọ́ọ̀tì bá jẹ́ mẹ́rin tí RAM sì jẹ́ méjì, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni ọ̀pọ̀ motherboard fẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn, tàbí tó ń dún bíì-bíì tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, RAM tí kò wọlé dáadáa ló sábà máa ń fà á. Kí a tún yọ wáyà iná àti bátìrì, kí a yọ RAM, kí a fi ìrésà pẹ́ńsù nu eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a tún kì í wọlé, kí a sì dán wọn wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ti DDR5 lè pẹ́ kí ó tó tàn nígbà àkọ́kọ́, nítorí kọ̀ǹpútà ń dán mẹ́mọ́rì tuntun náà wò. Kí a ní sùúrù, kí a má pa á. Bí 16GB bá ń fi 15.8 hàn, kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Kọ̀ǹpútà ti mú díẹ̀ fún àwòrán ojú rẹ̀ ni. Windows Memory Diagnostic, tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, yóò sọ bí RAM bá ní àbùkù. MemTest86 jinlẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba wákàtí.

Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́mọ́rì àgbáyé. Ní ìparí ọdún 2025, owó rẹ̀ fò sókè gan-an nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ń rà á tán, Micron sì kéde ní oṣù Kejìlá pé òun yóò dáwọ́ Crucial dúró, orúkọ tó fi ń ta RAM fún àwọn ará ilé. RAM àlòkù tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù tó ti kú wá di ohun tó yẹ kí èèyàn wò dáadáa. Kò sí ìran tó ń bàjẹ́ kíákíá nínú wọn, èyí tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lónìí lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Kí a gbé láptọ́ọ̀pù wa dání lọ sí ìsọ̀, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ níṣojú wa, kí a tàn án, kí a ṣí Memory, kí a rí iye rẹ̀ níbẹ̀ kí a tó kówó sílẹ̀.